Àjà Yàrá Ìyá Kápẹ́ńtà

Wọ́n ní kápẹ́ńtà àdúgbò wa fi irin de ìyá ẹ̀ mọ́ inú yàrá. Irọ́ ni, irọ́ tí ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irin wà lóòótọ́, àmọ́ àjà ló fi dè.

Ikọ́ fée ló ń bá ìyá náà fínra. Òjò ń rọ̀ ni o, ìjì ń jà ni o, fèrèsé ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kó tó lè mí. Lọ́jọ́ kan, ìjì gba ojú fèrèsé wọlé, kò rọ́nà jáde, ló bá gbé àjà sókè, ó tún là á mọ́lẹ̀. Pákó kan já, ó bọ́ sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n kápẹ́ńtà lóbìnrin fárí gá. "Kápẹ́ńtà gbogbo ayé! Àjà ìyá ẹ ń jó, ìwọ ń kan ti ẹlòmíì. Bó bá tún mì pẹ́nrẹ́n, ọ̀dọ̀ mi ni ìyá ń bọ̀, a ó sì máa ti fèrèsé."

Ìyá ní, "Ẹ gbé mi lọ síbi tí n ò ti ní lè mí, kẹ́ ẹ wá máa sọ pé ẹ̀ ń tọ́jú mi."

Kápẹ́ńtà mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fi ya yàrá náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó. Ogún ọdún ló ti ń kan àjà kó má baà jábọ́. Kò rò ó rí pé ó lè fò lọ sókè. Ó mú ọ̀rá búrẹ́dì, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀. Ọ̀rá wú, ó le gbandi níhà gbogbo.

"Áà! Inú ni atẹ́gùn ti ń ti àjà àti ògiri!"

Ló bá tú gbogbo ìṣó wẹ́wẹ́, ó fi ìṣó oníyíyí rọ́pò wọn. Ó fi irin pẹlẹbẹ de igi àjà mọ́ ògiri, ó fa irin náà sọ̀kalẹ̀ dé ìpìlẹ̀. Ó dá ihò méjì sókè ògiri tó dojú kọ fèrèsé, kí atẹ́gùn tó bá wọlé lè rọ́nà lọ. Ó wá gun àkàbà, ó fi orí ti àjà sókè láti dán an wò.

Ìyá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, rọra o, orí kan ṣoṣo lo ní."

Ọ̀sán Sátidé ni ìjì dé. Ẹ̀gbọ́n ti di aṣọ ìyá sínú báàgì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà; kápẹ́ńtà jókòó ti ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì. Atẹ́gùn rọ́ wọlé, kọ́tìnnì fò, àjà dún kẹ̀ẹ́, kò kúrò lójú kan. Nígbà tí òjò dá, ẹ̀gbọ́n tú báàgì, ó ń ká aṣọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo bi kápẹ́ńtà pé báwo ló ṣe fara da wíwo àjà yẹn jálẹ̀ òjò.

Ó ní, "Àǹtí, n ò rántí wò ó mọ́. Èémí ìyá mi ni mò ń gbọ́. Ó ń lọ geere."