Ọ̀pọ̀lọ́ Kan Ṣoṣo Lórí Àwòrán Gẹ́ẹ̀mù Mẹ́fà

Ẹ fún mi láyè, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí omi lọ́jọ́ Ẹtì kan báyìí. Títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá rántí, àyà mi ṣì ń já!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Òde Ùgbò níbí. Páálí ìpolówó, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, òun ni mo fi ń jẹun. Mi ò ṣe iṣẹ́ gẹ́ẹ̀mù rí láyé mi, àfi ìgbà tí Tíṣà Akin pè mí.

Tíṣà Akin ló kọ́ mi ní ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdírì. Ará òkè ni wọ́n, láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ìjọba ló gbé wọn wá sí Ìgbọ́kọ̀dá, wọn ò sì padà lọ mọ́. Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n bá ti máàkì ìwé wa tán, gẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń ṣe! Mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo ẹ̀ rí bíi ti àtijọ́ tá a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà tá a wà lọ́mọdé, èyí tí ojú èèyàn inú ẹ̀ máa ń ní igun mẹ́rin. Wọ́n wá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, wọ́n fẹ́ tà á lórí ìsọ̀ gẹ́ẹ̀mù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí wá ni iṣẹ́ tèmi? Àwòrán ìta ni. Tẹ́ ẹ bá wọ irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí àwọn àwòrán kéékèèké tó tò lọ rẹrẹ, ìkọ̀ọ̀kan ò ju èékánná lọ lórí fóònù. Òun ni oníbàárà máa kọ́kọ́ rí. Tí kò bá mú un lójú, ó ti fi ìka tì í kọjá nìyẹn, bí gẹ́ẹ̀mù inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn ju oyin lọ.

Tíṣà ní àwọn fẹ́ kí gbogbo gẹ́ẹ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fara hàn nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ onífìlà pupa, ejò, ọkọ̀ òfurufú, ẹṣin, ilé gogoro kan, àti jagunjagun tó mú idà dání. Kí n tún kọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i! Mo wò ó, mo mọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i? Ẹni tí mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí! Mo ní, "Ó dáa, sà."

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì yà á, a fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́rú, ìsọ̀ náà dá a padà. Wọ́n ní tó bá ti kéré sórí fóònù, ojú ò rí nǹkan kan dì mú nínú ẹ̀. Wọ́n fún wa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ká tún un ṣe, torí pé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ pàtẹ àwọn gẹ́ẹ̀mù àtijọ́. Ẹni tó bá pẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Tíṣà sì ti sọ fún gbogbo olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn pé àwọn máa wà níbẹ̀!

Tíṣà wá pè mí. Wọ́n ní kí n kàn jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ tàn sí i, kí n má yọ ẹyọ kan kúrò o. Mo tún ní, "Ó dáa, sà." Ẹ wo ẹnu mi lóòótọ́!

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa ò gbé nǹkan ńlá lọ́sẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé láptọ́ọ̀pù mi wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá lọ́jọ́ Ẹtì, kí n lè fi àwòrán tí mo ti mú kí àwọ̀ ẹ̀ tàn ránṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ aago méjìlá, aago kan ló tó gbéra. Mo ní kò burú, àyè ṣì wà.

Àyè wo? A ò tíì rìn jìnnà tá a fi kó sínú ewé orí omi, èyí tó máa ń bo ojú odò bí ẹní. Ó wé mọ́ irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Awakọ̀ wa mú àdá, ó tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Bó ṣe ń gé èyí, ni òmíràn ń léfòó wá.

Mo wo aago, méjì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo wo fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Mo ń bú ewé, mo ń bú awakọ̀, mo ń bú ara mi tí mi ò wọ ọkọ̀ àárọ̀.

Màmá Bọ́sẹ̀ tó ń ta ẹja yíyan ló jókòó ti apẹ̀rẹ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àgbà ni wọ́n, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Ṣàdédé ni wọ́n ní ká fọkàn balẹ̀, pé ọkọ̀ Dáre ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, á kó wa. Mo wo ọ̀ọ́kán, nǹkan bíńtín kan lásán ni mo rí! Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní ṣé mi ò rí yẹ́lò tó kùn sí imú ọkọ̀ ẹ̀ ni?

Mo ní ṣebí ọ̀rọ̀ ló kún ara ọkọ̀ Dáre. Lóòótọ́, àdúrà ló kọ síbẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Màmá wò mí bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ etí omi.

"Ọma mi, ta ló ń kàwé lójú omi?"

Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo sọ àwòrán Tíṣà di kékeré bó ṣe máa rí lórí fóònù, mo gbé e síwájú Màmá. Mo ní kí ni wọ́n rí.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Edé rè é. Edé tí ghan sá sórí ẹní."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, jagunjagun pẹ̀lú idà, ló di edé tí wọ́n sá sóòrùn! Èyí tó sì dùn mí jù ni pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Bátìrì mi ku ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan lára ẹ̀. Mo yọ ejò. Mo yọ ẹṣin, ọkọ̀ òfurufú àti ilé gogoro. Mo yọ gbogbo orúkọ. Jagunjagun ló kàn, òun sì ni Tíṣà fẹ́ràn jù. Mo yọ òun náà. Ó ku ọ̀pọ̀lọ́ onífìlà pupa nìkan. Mo sọ ọ́ di gbàǹgbà, mo gbé e jókòó lórí nọ́ńbà 6 ńlá kan, kí èèyàn lè mọ̀ pé gẹ́ẹ̀mù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo fi yẹ́lò kan ṣoṣo kun ẹ̀yìn ẹ̀.

Mo tún sọ ọ́ di kékeré, mo fi han Màmá. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bèèrè tán. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ ni, ó jókòó lórí ẹẹ́fà, ó dà bí ẹni tó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀.

Dáre kó wa. Aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú la gúnlẹ̀ sí jẹ́tì Ìgbọ́kọ̀dá. Mo pe Tíṣà. Fóònù wọn wà ní pípa, wọ́n wà nínú kíláàsì. Mo tún pè. Pípa!

Àwòrán méjì ló wà níwájú mi. Èyí tí wọ́n ní kí n ṣe rèé, èyí tí mo dá ṣe rèé. Tí mo bá fi tiwọn ránṣẹ́ tí ìsọ̀ sì kọ̀ ọ́, wọn ò ní lè bínú sí mi. Tí mo bá fi tèmi ránṣẹ́ tó bà jẹ́ ńkọ́? Ojú wo ni mo máa fi wò wọ́n? Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Mo fi ọ̀pọ̀lọ́ ránṣẹ́.

Ó lọ tán nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Láptọ́ọ̀pù kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí Tíṣà rí i tí wọ́n pè, ohùn wọn tutù, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ní níbo ni márùn-ún yòókù wà. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n wá rí àwọn ní iléèwé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gé fóònù. Ìsọ̀ fọwọ́ sí àwòrán yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n n ò lè jẹun dáadáa títí ọjọ́ Ajé fi dé.

Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní àwòrán dáa, ó dáa ju tàwọn lọ. Wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀ pé tàwọn ò dáa. Mo ní láti ọjọ́ kìíní, sà.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní nígbà tí mo wà ní SS2, nínú gbogbo kíláàsì, èmi nìkan ni mo nawọ́ sókè pé ìṣirò tí àwọn kọ sójú pátákó kò tọ̀nà. Wọ́n ní, "Níbo lo gbé ọmọ yẹn sí?"

Mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí o: ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìdákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ó sì lè ba iṣẹ́ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún jẹ́. Èèyàn lè kúnlẹ̀ kó sì sọ òótọ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti sọ "Ó dáa, sà" fún rí nígbà tí kò dáa? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni mo máa kà.

Tíṣà mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Mo kí yín, mo kúnlẹ̀. Àwọ̀ ewé tẹ́ ẹ ní kí n fi sí àwòrán gẹ́ẹ̀mù tuntun yẹn, kò dáa, sà.