Pákó Kan Ṣoṣo Tó Kù Lọ́wọ́ Bàbá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bà mí! Káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ógúnrégé, tí tábìlì ẹ̀ kì í mì, òun náà ni ọwọ́ ara ẹ̀ fẹ́ẹ̀ dójú tì.

Lagilagi ni bàbá ìyàwó ẹ̀ nígbà tójú ẹ̀ ṣì ń ríran. Ní báyìí tójú ti lọ, ńṣe ló ń dá gbé, sítóòfù sì ti jó o lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tó yá ló ní òun á wá, bí wọ́n bá fi pákó kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ òun ṣe tábìlì oúnjẹ.

"Odidi ni o! Bí mo bá fọwọ́ kan ojú ibi tí wọ́n ti so igi méjì pọ̀, ibi tí mo ti wá ni mò ń padà sí."

Pákó ọ̀hún fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó sì ti ká kò bí ewé tóòrùn pa. Kò lè wọ ẹnu ẹ̀rọ ìfági tó wà nílé ìlagi. Ni Ógúnrégé bá fúnra ẹ̀ dá ọgbọ́n. Ó kan igi gígùn méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ pákó sáàárín wọn, ó wá fi pílíwúùdù ṣe afárá lé wọn lórí. Orí afárá yìí ni rúútà, ẹ̀rọ ọwọ́ tó fi ń fá igi, á máa rìn, ibi tó bá yọrí nìkan ni ẹnu ẹ̀ á máa jẹ. Ó wọn igi méjèèjì, wọ́n dọ́gba rẹ́gí. Inú ẹ̀ dùn, ó ń súfèé.

Ó fá a tán, ó gbé rúlà lé e. Yéè! Àárín pákó ti jìn bí àwo ọbẹ̀! Ó tún un fá, ó tún jìn sí i.

"Ọkọ mi," ìyàwó ẹ̀ pariwo lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ wo ọwọ́ yín!"

Àṣé gbogbo ìgbà tó bá ti dé àárín ló ń fi ara ńlá ẹ̀ tẹ afárá mọ́lẹ̀, tíyẹn ń tẹ̀ kọdọrọ! Ó wọn gbogbo nǹkan, kò rántí wọn ara ẹ̀.

Ó kan igi líle mọ́ afárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó wá ń fi orí ìka ti rúútà. Pákó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ èyí tó nípọn tẹ́lẹ̀ ti wá fẹ́lẹ́ débi tójú fi ń tini.

Bàbá dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ wá kan etí tábìlì, ó dúró sójú kan.

"Ha! Igi mi! Ìyókù dà?"

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Bàbá. Àṣìṣe mi ni. Ó ti di lẹ́búlẹ́bú." Ógúnrégé ló dá a lóhùn.

Bàbá ṣáà fa ọ̀pá ẹ̀, ó dìde, ó kọrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ẹ̀ bú sẹ́kún, ó dì í mú láṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má lọ sílé!"

"Ta ló ń lọ sílé? Yàrá mi dà? Mo fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀ kí n máa bínú."