Nígbà Tí Òṣèlú Wọ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Bí mo bá gbọ́ òórùn bàrà tó ń jẹrà lóko, ọkàn mi a kọ́kọ́ bàjẹ́ kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé Ìbàràpá rí lè má mọ òórùn náà: a ó kó bàrà jọ gègèrè láàárín oko, a ó là wọ́n, a ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹrà, kí ẹ̀gúsí inú wọn lè bọ́. Òórùn náà a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun, àlejò a máa fọwọ́ di imú, àwa tí a ni ín a sì máa fi àlejò rẹ́rìn-ín. Nígbà bàrà ni inú ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ máa ń dùn jù lọ, nítorí oko kan náà ni wọ́n jọ ń dá, inú abà kan náà ni wọ́n sì ń kó ìkórè sí. Nígbà bàrà ọdún ìdìbò yẹn ni ẹ̀rín náà parí.

Ilé olódẹ̀dẹ̀ kan ni ilé wa ní Igbó-Ọrà. Yàrá tiwa wà lápá ọ̀tún, ti àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀ wà lápá òsì, yàrá Ìyá ọkọ mi sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn nítòsí ibi ìdáná. Opó ni Ìyá, ọmọ méjì yìí nìkan ló sì kù fún un láyé. Àwa ìyàwó ń dáná fún ara wa àti fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ àwọn ọkùnrin méjì yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń sè é. Abọ́ ọkà kan, àwo ọbẹ̀ kan, láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á ṣanwọ́ nínú igbá omi kan náà, wọ́n á jókòó dojú kọ ara wọn, Ìyá á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa wò wọ́n. Kò ní fẹnu kan nǹkan kan títí wọ́n á fi dìde. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú ló fi ń jẹun. Á ní, "Ìyàwó, dákẹ́ ẹnu ẹ. Bí wọ́n bá ti yó ni èmi náà ń yó."

Ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan; ẹni tó bá dàgbà tó mi ti mọ̀ wọ́n, ẹni tí kò bá sì dàgbà tó mi kò pàdánù nǹkan kan. Ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, àbúrò rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Níbẹ̀rẹ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni ọ̀rọ̀ náà láàárín wọn. Àbúrò á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra gbé òkèlè yẹn o, bí ẹgbẹ́ yín ṣe ń gbé ìlú mì nìyẹn." Ọkọ mi á ní, "Ẹgbẹ́ tìẹ ńkọ́? Ẹ ò tíì débi abọ́, ẹ ti ń lá ọwọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ata á fi ta wọ́n lórí, Ìyá á sì ní, "Ẹ jẹun o jàre. Ìjọba kankan ò ní bá mi fọ abọ́ yìí."

Lẹ́yìn náà ni àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìlú ńlá pẹ̀lú mọ́tò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí kò bá ṣe tiwa, ọ̀tá wa ni. Lójà, àwọn obìnrin ń bèèrè ẹgbẹ́ tí ọkọ aláta ń ṣe kí wọ́n tó ra ata. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Nígbà yẹn, apó ọfà ni gbogbo ìlú gbé kọ́ èjìká. Nígbà tó yá, wọ́n sun abà ọkùnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ àbúrò ọkọ mi, gbogbo ẹ̀gúsí rẹ̀ sì jóná mọ́ ọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò ọkọ mi kò gbé òkèlè.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ẹ̀yin mọ ẹni tó sun abà yẹn."

Ọwọ́ ọkọ mi dúró lórí abọ́. "Bí mo bá mọ̀ ńkọ́? Ṣé wàá fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ ò sọ pé ẹ ò mọ̀."

"Èmi ò bá ọ̀dàlẹ̀ fọwọ́ bọ abọ́ mọ́," ọkọ mi ní.

Ìyá ní, "Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́ o." Wọ́n dìde, ọbẹ̀ ṣì ń rú èéfín. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ọkọ mi mọ ẹni náà.

Ọkọ mi pè mí wọ yàrá, ó ní mi ò gbọdọ̀ bá ìyàwó àbúrò òun sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò gbọdọ̀ yá a níná, mi ò gbọdọ̀ gba iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan kan náà ni wọ́n sọ fún òun náà lápá ọ̀hún, torí bí a bá pàdé nídìí kànga, omi inú korobá rẹ̀ ló máa ń wò. Obìnrin yìí ló pọn ọ̀kan nínú ìbejì mi títí ó fi rìn, a ò sì lè kí ara wa kú àárọ̀.

Ìyá ṣì ń gbé abọ́ kan náà kalẹ̀ lálaalẹ́. Ọkọ mi á yọjú, á wò ó bóyá àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, á padà. Àbúrò náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èlùbọ́ ọwọ́ Ìyá tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi tirẹ̀ sínú ìkòkò tí ọ̀tá á ti jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò náà ṣe kúrò lórí iná. Mo wá ń gbé oúnjẹ lọ fún Ìyá láti ibi ìdáná tèmi, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí à ń pè ní ìyàwó kékeré, náà ń gbé tirẹ̀ wá. Ọkọ mi rí abọ́ ìyàwó kékeré níwájú Ìyá lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ sókè pé, "Ṣé Ìyá náà ti wọ ẹgbẹ́ wọn ni?" Kò pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ náà fi rí abọ́ tèmi, ó sì sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá gbọ́ méjèèjì. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé oúnjẹ dé, á rẹ́rìn-ín, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ìyàwó kékeré ti gbé tirẹ̀ wá, mo ti yó." Mo gbà á gbọ́. Ká sòótọ́, ó tiẹ̀ máa ń bí mi nínú pé ọbẹ̀ tiwọn ló wù ú jẹ.

Ìdìbò dé, ìdìbò lọ, ẹgbẹ́ kan ní èkejì jí ìbò gbé. Ìgbà wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n á wọ́n bẹntiróò sí ilé èèyàn, wọ́n á ṣáná sí i. A ń fi ẹ̀rù sùn. Láàárín gbogbo èyí ni Ìyá ń gbẹ. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn. Ọkọ mi ní, "Wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ ìyá mi lápá ọ̀hún." Mo ń gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lápá ọ̀hún tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa tiwa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá lọ, kò sì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ láti bèèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gidigidi, Ìyá ṣubú lẹ́yìn ilé. Ọkọ mi figbe ta pé, "Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ!" Àbúrò rẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà kejì jáde pẹ̀lú igbe kan náà. Kí a tó ṣẹ́jú, àdá ti wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ará àdúgbò ń dì wọ́n mú, Ìyá sì wà nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká rẹ̀. Ìyàwó kékeré wá, ó gbé ẹsẹ̀. A ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fúyẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Igi ìdáná tí mo ń rù bọ̀ láti oko wúwo jù ú lọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ wa ní ilé ìwòsàn tẹ̀ ẹ́ ní ikùn, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀. Ó ní, "Kí ni Màmá jẹ lánàá?"

Mo wo ìyàwó kékeré kí ó lè dáhùn. Èmi ni òun náà ń wò.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni? Màámi ní ẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá kí n tó dé lójoojúmọ́ ni."

Irú ohun tí Ìyá ń sọ fún èmi náà nípa rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí kán omi ṣúgà sí Ìyá lẹ́nu. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣàn jáde. Nígbà tó yá, Ìyá lajú, ó ní, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" Ìyàwó kékeré ní, "Wọ́n ti jẹun, Màámi. Wọ́n jọ jẹ ẹ́ ni." Mi ò tíì gbọ́ irọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Ìyá fi kú.

Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ bò fún wọn. Ó ní kò sí májèlé kankan, ebi ni. Ọkọ mi yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń jẹun?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo rò, Bọ̀ọ̀dá."

Gbólóhùn tí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ láti ìgbà bàrà nìyẹn.

Kò pẹ́ tí a sin Ìyá tán ni àwọn ológun gbàjọba, tí wọ́n fòfin de gbogbo ẹgbẹ́. Ohun tí Ìyá fi ebi kú fún, ìkéde kan péré lórí rẹ́díò ló pa á rẹ́. Àwọn méjèèjì padà sóko kan náà, wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn pọ̀ mọ́ títí tí ọkọ mi fi papò dà.

Lónìí, bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá bú ara wọn tán lórí òṣèlú, wọ́n a máa bi mí pé ẹgbẹ́ ta ló jàre nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi ń pe àbúrò rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀, lálaalẹ́, ó ń lọ sùn pẹ̀lú ìdánilójú pé àbúrò òun kò ní jẹ́ kí ebi pa ìyá òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àbúrò náà ń sùn. Wọ́n mọ̀ pé ọmọlúàbí ni ẹnì kejì. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n gbé ìyá wọn lé e lọ́wọ́. Wọ́n kàn kọ̀ láti sọ ọ́ fún ara wọn ni.