Ẹni Tó Fọ Sẹ́ńsọ̀ Ọkọ̀ Mi

Onínúfùfù ni mí, mi ò sẹ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní iléèwé mọ̀ ọ́n, àwọn ará ilé mi náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin kan tó ń parọ́ fún mi lójúkojú, tí mo tún ń gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí oúnjẹ yẹn, ara mi máa ń gbóná.

Ọkọ̀ mi ti dàgbà. Mo rà á lọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń kó kúrò ní Àbújá, ó sì ti gbó kó tó kàn mí. Kárù là ń gbé, Bwari ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ìró ẹ́ńjìnnì yẹn tí mi ò mọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń tú èéfín dúdú, tó sì ń fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní gbogbo ibi tí mo bá ti dúró, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é.

Ká ní ìgbà mìíràn ni, mi ò ní sáré. Ṣùgbọ́n màmá mi ń retí ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tó ti ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Kò lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì mọ́. Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ló máa ń nà sí, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, wà nílé, lápá Kàbbà lọ́hùn-ún, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pè wá. "Ṣé ẹ ti ń bọ̀?" Màmá mi á dá a lóhùn pé, "A ti ń bọ̀. Ọkọ̀ ló kù."

Àwa ará ìlú wa tó wà ní Àbújá máa ń ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: bí iṣẹ́ bá wà, ọmọ wa ni ká kọ́kọ́ gbé e fún. Mẹkáníìkì tó parọ́ fún mi yìí, ọmọ wa ni. Èmi gan-an ni mo dìde nípàdé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tí mo ní ọmọ náà mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká máa gbé ọkọ̀ wa fún un. Wọ́n gba tèmi. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Àǹtí, tí màmá mi náà ń pè é ní ọmọ mi.

Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ó mọṣẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ó na ìka sí nǹkan dúdú kékeré kan lára ọ̀pá tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

"Àǹtí, sẹ́ńsọ̀ rèé. Òun ló ń wọn atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú. Iye tó bá pè ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń bu epo. Bó bá ti ṣì í pè, epo á pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa gbọ̀n."

Ó fa ìdí wáyà rẹ̀ yọ. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń gbọ̀n rìrì bá rọlẹ̀, ó ń dún geere. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

"Ìdọ̀tí lásán ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́."

Bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ wa nìyí: wọ́n á bu pẹtiróòlù sínú agolo mílíìkì, wọ́n á sì mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń fín sí i lára, tí ọwọ́ kò ní kan inú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ nígbà yẹn, àwọn tó mọ̀ kì í sì í rà á. Mo kúrò níbẹ̀ lọ ra omi tútù wá fún un. Nígbà tí mo fi máa padà, ó ti dè é padà sáyè rẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Ọkọ̀ tún ń gbọ̀n, ó tiẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Àǹtí, kò jọ pé òun ni o," ó ní. Agolo pẹtiróòlù ló ń wò, kò wo ojú mi.

Báyìí la bẹ̀rẹ̀. Ó ní plọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ó ní ibi tí epo ń gbà ti dí. Nígbà tó yá, ó ní ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ló ti gbó, ó sì ń mi orí bíi dókítà. Bí mo bá bèèrè ọjọ́, Sátidé ni. Bí Sátidé bá kọjá, Sátidé mìíràn ni.

Mo ní kí n háyà ọkọ̀. Ẹ̀rù ọ̀nà Lọ́kọ́ja ń ba màmá mi, kò fẹ́ wọ ọkọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ti ń rọ̀ ọ́, ó sì ti ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ló wá jókòó sí pálọ̀ mi, tó ń jẹ iyán mi, tó ní, "Màmá, ẹ má fi ẹ̀mí yín wewu. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀ ń lọ." Màmá mi ṣàdúrà fún un. Èmi náà ní àmín.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, alẹ́ lẹ́, fóònù kò dún. Ọmọ àbúrò náà ló pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti sọ fún wa. Màmá mi gbọ́ ọ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ̀ ti dára.

Wọ́n fi ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó ku ọ̀la, mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ wá, ó ní òun ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ó ti dáa. A gbéra láàárọ̀. A kọjá Gwagwalada, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sílẹ̀. Nígbà tí a dé Kwali, ó kú níwájú àwọn obìnrin tó ń ta ìkòkò amọ̀ létí títì.

Ọ̀kan nínú wọn ló bá mi pe riwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Bó ṣe lanu báyìí, mo mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó kí wa, ó ṣáná sí ọkọ̀, ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó sì fa ìdí wáyà sẹ́ńsọ̀ yẹn yọ. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, geere. Ó tú sẹ́ńsọ̀ náà, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ta ló fọ nǹkan yìí fún yín, mà?"

"Mẹkáníìkì mi."

"Búrọ́ọ̀ṣì ló fi já wáyà inú rẹ̀. Ẹ wò ó." Wáyà náà tín-ín-rín ju irun orí lọ, ẹ̀kán gúlù kan, èyí tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan pọ̀, sì ti gan mọ́ ọn lára. "Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé ó ti já. Bí ọkọ̀ bá mì, á fara kanra, á tún yà."

Mo bi í níbo la ti lè rí òmíràn rà. Ó ní kò sí ní Kwali, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí wáyà rẹ̀ wà ní yíyọ bẹ́ẹ̀. Iná kan á tàn níwájú mi, kí n má dá a lóhùn. Á mu epo díẹ̀ sí i, àmọ́ á gbé wa délé.

"Bó ṣe wà yìí náà?"

"Bó ṣe wà yìí náà, mà. Ì bá ti gbé yín lọ tipẹ́."

Ṣebí mẹkáníìkì mi ti fà á yọ níṣojú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mo pàtẹ́wọ́. Mo pè é.

"Ṣé o mọ̀ pé wáyà inú sẹ́ńsọ̀ yẹn já?"

Mò ń gbọ́ ìró òòlù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ṣé o mọ̀!"

"Ojú ló tì mí, Àǹtí. Mo ní kí n wá òmíràn kẹ́ ẹ tó mọ̀, mi ò rí i. Nígbà tó yá, ó ti pẹ́ jù láti sọ."

"O ò ṣe wá yọ wáyà rẹ̀ sílẹ̀ fún wa?"

"Tí mo bá yọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa bèèrè ìdí rẹ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé gbọ́."

Ìpàdé! Òkú wà nílẹ̀, ìpàdé ló ń bà á lẹ́rù. Mo bú u, mo bú u títí àwọn oníkòkò fi ń sọ pé kai, kai, kí n ṣe sùúrù. Ọ̀dàlẹ̀ ni mo pè é, mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ká ní ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé òun ba nǹkan mi jẹ́ ni, ariwo ni mo máa pa, yóò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Àbújá, èmi fúnra mi ni mo fi sẹ́ńsọ̀ mìíràn sí i. Ìdè méjì péré ni mo tú, tí mo sì tún dè.

Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Màmá mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, a lọ.

Ọkọ̀ náà kò gbọ̀n rárá. Abájí, Kọ́tọ́n-Kárífí, Lọ́kọ́ja, ó ń lọ geere, inú sì ń bí mi sí i ní gbogbo ibi tí kò bá ti kú. Nígbà tí a yà sí àgbàlá àbúrò rẹ̀, wọ́n ti ta ìbòrí, àga ti kún ilẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sáré bọ̀ wá pàdé wa.

"Aago mélòó la kúrò ní Kwali?" màmá mi bèèrè.

"Mọ́kànlá, Màmá."

"Báyìí ńkọ́?"

"Méjì kọjá díẹ̀."

Ó wo ilé náà láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Ṣé bó ṣe súnmọ́ tó nìyí?"