Kọfí Inú Agolo

"Má lù ú bí ẹni ń gún iyán! Ṣé ó bú bàbá ẹ ni?" Màmá gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi.

Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ orí ba. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, ní Ìbà. Màmá kì í ṣe ìyá mi; ìyá àgbà tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ni wọ́n. Láti oko ọkọ wọn tó ti kú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni kọfí tí à ń gún náà ti ń wá. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n èèpo tín-ínrín kan ṣì máa ń wà lára hóró rẹ̀. Ẹ̀wù ni Màmá ń pè é. A ó rọra gún un nínú odó kékeré, á máa dún ṣákẹ́ṣákẹ́. Màmá á dà á sórí atẹ, wọn á fẹ́ ẹ, èèpo á fò lọ sórí aṣọ tí ìyá mi sá. Hóró tó kù á máa rùn bíi koríko gbígbẹ.

Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ ọkọ Màmá ta oko náà, wọ́n sì gé gbogbo igi kọfí. Àpò kékeré kan ló dé gbẹ̀yìn. Màmá ṣa èyí tó dára jù sínú agolo mílíìkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń lọ sí ọsibítù, wọ́n kígbe sí mi láti ẹnu géètì:

"Ti inú agolo yẹn, ti ilẹ̀ ni o!"

Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù. "Ti ilé" ni mo gbọ́. Mo rò pé èyí tí a ó mu nílé ni. Kò dá mi lójú, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sáré tẹ̀ lé wọn lọ béèrè.

Mo gún gbogbo rẹ̀. Mo yára, kí n lè fi ṣe Màmá ní kàyéfì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ là sí méjì.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò yí i, yí i.

"Ilẹ̀ ni mo ní. Mo fẹ́ gbìn ín sẹ́yìn ilé."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ta ló ń bínú?"

Wọn ò nà mí, wọn ò fẹjọ́ mi sun ìyá mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ṣa ìwọ̀nba tí ò là, wọ́n gbìn ín, wọ́n ń bomi rin ín láràárọ̀ títí òjò fi dé. Ẹyọ kan ò hù. Kí òjò ọdún kejì tó dé, Màmá ti kú.

Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìyànà-Ìbà, àwọn oníbàárà máa ń rò pé etí mi ò gbọ́ràn dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń bi wọ́n. Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n mò ń béèrè. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kí n ti bi, n ò bi wọ́n.