Ìlà Tó Gbẹ̀yìn Nínú Orin Ìyá Wa

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́yìn aṣọ ìtàgé, lórí àpótí kékeré kan, tí mò ń rán ẹ̀gbọ́n mi obìnrin létí ọ̀rọ̀ tó bá gbàgbé. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí òṣèré bá dúró lójú àwùjọ tí ọ̀rọ̀ tó kàn pòórá lórí rẹ̀, á yíjú díẹ̀ sọ́dọ̀ mi, èmi á sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí àwọn tó jókòó níwájú kò ní í gbọ́. Ẹnu Ẹ̀yìn Aṣọ ni àwọn ẹgbẹ́ wa ń pè mí. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ó ń ṣeré, ó ń kọ eré, ó ń kọrin, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run gbàgbé pé àbúrò kan ń bọ̀ lẹ́yìn tó yẹ kó ṣẹ́ nǹkan kù fún.

Aránṣọ ni ìyá wa. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé, lókè àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sì wà lábẹ́ fèrèsé. Orin kan wà tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà:

Ọmọ mi lọ sọ́nà jíjìn,
Mo gbé fìtílà sójú fèrèsé,
Ó lóun ń bọ̀, ó lóun ń bọ̀...

Ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ibi tí orin bá dé yẹn ni ojú rírán máa ń parí sí, wọn á sì tẹrí ba láti fi eyín gé òwú. Sísọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn o, eyín ni wọ́n fẹ́ràn. Kí wọ́n tó tu òwú dànù, aṣọ mìíràn ti wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, orin á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Báyìí la ṣe dàgbà láìgbọ́ bí orin ìyá wa ṣe parí.

Ẹ̀yìn bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré. Àwọn oníbàárà tó wá wọn aṣọ ló kọ́kọ́ ń sín jẹ, kò sì pẹ́ tí àwọn náà fi ń ní kó tún un ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri kan gbà á, ó ṣèlérí pé òun á padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún kan àtààbọ̀ ló lò. Àìsàn dé sí ìyá wa, mo kọ lẹ́tà mẹ́rin. Èsì ẹyọ kan tó wá sọ pé ó ku ìlú méjì tí àwọn máa ti ṣeré. Ìyá wa a sì máa tẹ́tí sí àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ìròyìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà. Òwú kò sí lẹ́nu wọn lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí aṣọ nílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ títí dópin, wọ́n ní kí n sọ ìlà tó gbẹ̀yìn náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọjọ́ kejì wọ́n dákẹ́.

Ìgbà tí a ti sin wọ́n tán ni ẹ̀gbọ́n mi gun àtẹ̀gùn wá, àtíkè orí ìtàgé ṣì wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Àtíkè yẹn ló bí mi nínú jù. Ó bi mí pé, "Ṣé Màámi sọ nǹkan kan fún mi?"

Mo ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan."

Mo fẹ́ kí ó jìyà díẹ̀ ni, bóyá ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó wá sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n irọ́ tó bá ti sun mọ́jú nínú ilé kì í rọrùn láti lé síta.

Kí ọdún tó yí po, ó ti kọ eré nípa ìyá wa, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ìyá náà. Orin gbọ́dọ̀ parí lórí ìtàgé, nítorí náà ó fi tirẹ̀ parí rẹ̀: *Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn, kò wá mọ́.* Àwọn èèyàn sunkún. Rédíò gbé e, kò sì sílé tí wọn ò ti kọ ọ́. Ó ní kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́, mo gbà, mo sì jókòó sórí àpótí mi, mò ń wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń fi ohùn ìyá wa lé ara rẹ̀ jáde nínú ilé. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ìyá wa kò lé e.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Èyí tó wà lórí ìtàgé kò ní bẹ́líìtì, kò lè dún. Síbẹ̀, ó ní bí òun bá ti dé ìlà kẹta, òun á gbọ́ ọ lẹ́yìn òun, á dún, á sì dúró bí ìgbà tí Màámi bá fẹ́ gé òwú. Ó ní kí káfíńtà yẹ̀ ẹ́ wò. Káfíńtà rọ epo sí i, kó má bàa dà bíi pé òun kò ṣe nǹkan kan sí i. Ó bi èmi náà léèrè. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Èmi náà ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn àpótí mi gan-an ló ti ń dún, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì fìgbà kan tán lára mi. Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Èmi mọ ẹjọ́ mi lẹ́bi, mo sì fi í ṣe àga.

Lọ́dún yìí, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, ó sì pinnu láti fẹ̀yìn tì. Ọ̀sán Sátidé ni eré ìkẹyìn. Ó kọ ìlà kẹta tán, ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ ti pòórá. Ó yíjú sọ́dọ̀ mi. Ìwé eré wà lórí itan mi, mo rí ìlà rẹ̀ kedere. Bí mo bá fún un, ìyẹn ló máa gbé lọ sílé, kò sì ní í sí ọjọ́ mìíràn. Lẹ́yìn mi, ẹ̀rọ náà dúró.

Mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ẹ má ti ilẹ̀kùn, ó kù díẹ̀ kó dé."

Ó wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé rí. Ó yíjú padà sí àwùjọ, ó sì kọ ọ́ ní ohùn ìyá wa.

Nígbà tó wá sẹ́yìn aṣọ, kò jókòó. Ó ní, "Ta ló ni ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Màámi ni. Wọ́n ní kí n sọ fún yín."

"Ìgbà wo?"

"Kí ẹ tó dé."

Ó wọ yàrá ìmúra rẹ̀, mo sì gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó yí. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ibẹ̀, ó ń kọ ìlà kan ṣoṣo yẹn, ó ń tún un kọ, títí ẹkún fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò ṣílẹ̀kùn fún mi.

Oṣù mẹ́ta rèé, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ẹ̀rọ mọ́. Àtẹ̀gùn ni mò ń tẹ́tí sí, mi ò sì ti ilẹ̀kùn mi.