Ìyá Basyon Kọ Ọ̀rọ̀ sí Àlejò Lẹ́nu

Ará Talaba, abúlé etíkun kan ní ilẹ̀ Filipini, ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún àlejò pé rárá. Ẹni tó wá lé wọn nílé gan-an, wọn á bu ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ síwájú rẹ̀, wọn á sì máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tó bá wí. Ohun ìtìjú ni lójú wọn kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sí àlejò lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe mi orí fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí etíkun wọn. Ló bá lọ sọ fún ìjọba pé gbogbo abúlé ti gbà láti kó kúrò. Ẹ ò rí ìwà ọ̀dájú! Ẹni tó jẹ oúnjẹ wọn yó.

Ọmọ Talaba ni Perpetua Magbanua, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní iṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú ní Iloilo. Èèyàn kúkurú ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú. Ó ti dé Geneva, ó ti dìde níwájú àwọn aláṣẹ ayé, ó jà fún àwọn ọmọ Filipini tí wọ́n ń fìyà jẹ nídìí iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lókè òkun. Nígbà tó gbọ́ pé ìjọba fẹ́ wá gbọ́ tẹnu ará Talaba kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó di ilé.

"Tíṣà, ṣé ìwọ lo máa bá wa sọ ọ́?" Ìyá Basyon, àgbà abúlé, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Rárá, mà. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tèmi ni, kì í ṣe tiyín."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Á gbé àkàrà ìrẹsì gbígbóná síwájú wọn, á ní kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ìyá Basyon á rẹ́rìn-ín músẹ́, á gbà á, á jẹ ẹ́.

"Ìyá, ẹ tún ti jẹ ilé yín o."

"Ó ṣáà dùn."

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ Perpetua kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá tún mi orí lọ́jọ́ tí ìjọba bá dé, Talaba parẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Àwọn aṣojú ìjọba jókòó sí iwájú ilé ìsìn, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì wà láàárín wọn. Kí wọ́n tó lanu, Ìyá Basyon ti gbé ọbẹ̀ ẹja dé. Ọkàn Perpetua rẹ̀wẹ̀sì.

Ọ̀gá náà jẹun, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, Mama. A ti jọ fẹnu kò, àbí?"

Ìyá wo Perpetua. Perpetua wolẹ̀, kò ní bá a sọ ọ́. Màmá bá tún bu ọbẹ̀ sí i fún ọ̀gá náà.

"Jẹun dáadáa, ọmọ mi. A ò kó lọ síbì kankan."

"Ẹ ṣáà mi orí lọ́jọ́ sí."

"Àlejò ni ọ́, a ò fẹ́ dójú tì ọ́. A ò lọ."

Bàbá abúlé kan tó jókòó nítòsí ní àwọn náà ò lọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ni gbogbo abúlé bá gbè é. Aṣojú ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò gbà.

Ní Geneva, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Perpetua títí, omi ò bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, gbangba ló ti sunkún níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ nù ún.

"Ẹ wo màmá yẹn dáadáa," ó wí fún wọn. "Fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ìyá wa nìyẹn."